Èdè Tó Kù Lẹ́nu Bàbá Mi

Òkukù ni mo ti gbọ́ ọ pé abo ni irùngbọ̀n. Olùkọ́ mi, ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà Faransé, ló sọ bẹ́ẹ̀ láìrẹ́rìn-ín. Wọ́n ní nínú èdè Faransé, gbogbo ohun tó bá ti ní orúkọ gbọ́dọ̀ jẹ́ akọ tàbí abo. Bẹ́ẹ̀dì jẹ́ akọ, àga jẹ́ abo. Ọ̀bẹ akọ, ṣíbí abo. Mo ní kí n fi ọ̀rọ̀ kan mú wọn: "Mà, irùngbọ̀n ńkọ́?" Wọ́n ní, "La barbe. Abo ni."

Tíṣà ìṣirò ni mí ní ilé-ìwé girama kan ní Ìkìrun. Nínú ìṣirò, bí o bá ti mọ òfin, o ti bọ́. Faransé ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fún ọ lófin lónìí, tó bá dọ̀la wọ́n á ní àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí òfin náà ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Inú máa ń bí mi débi pé màá pa ìwé dé. Kò ní pẹ́ tí màá tún fi ṣí i, torí olójúmìító ni mí nídìí ohun tí kò bá yé mi.

Ọ̀rọ̀ bàbá mi ló gbé mi dé ibẹ̀. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni wọ́n ti wà ní Àbíjàn, ìlú àwọn tó ń sọ Faransé, níbi tí wọ́n ti ń ránṣọ. Ọdún Kérésì ni wọ́n máa ń wálé wá wò wá ní Ìnísà. Nígbà tí ìyá mi rí i pé agbára bàbá mi ń dín kù, wọ́n ní kí bàbá mi máa bọ̀ nílé. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n jà, wọ́n fi àwa ọmọ bẹ̀ wọ́n. Bàbá mi gbà, wọ́n dé. Kò pẹ́ sígbà náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Nígbà tí ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu wọn, Faransé nìkan ló padà. Dókítà tó tọ́jú wọn ní Òṣogbo sọ pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé àìsàn náà lè mú èdè kan lọ kó fi ìkejì sílẹ̀. Tí a bá sọ Yorùbá, ó jọ pé wọ́n ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò lè fi dá wa lóhùn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí ìyá mi sùn. "Èmi ni mo pè wọ́n wálé," ni wọ́n sọ fún mi. "Ká ní wọ́n wà lọ́hùn-ún ni, bóyá kò ní rí báyìí. Bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n ń kábàámọ̀. Kí n ṣáà mọ ibi tí mo wà." A gbìyànjú fóònù tó ń túmọ̀ èdè, ṣùgbọ́n ẹnu bàbá mi ti wọ́, ohun tí fóònù ń gbé jáde kò lórí, kò nídìí. Mo ní kí n pe ìyá àgbà Òkukù tó padà di olùkọ́ mi wá túmọ̀, ìyá mi kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, àwọn ò lè tú u sílẹ̀ níwájú àlejò. Bí Faransé ṣe di dandan fún mi nìyẹn.

Ìwé àkọ́kọ́ ti kọ́ mi ní omi, oúnjẹ, bàtà. Ìwé kejì ló dé orí bí nǹkan ṣe rí, èyí ló sì dùn mọ́ mi jù. Ní tiwa, ilé ló ń ṣíwájú kí ńlá tó tẹ̀lé e. Lọ́dọ̀ tiwọn, ńlá lè ṣíwájú ilé, ṣùgbọ́n funfun gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn. Mo béèrè ẹni tó tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ mi ní kí n kọ́ ọ bó ṣe wà, kí n yé da ara mi láàmú. Mo tún ní: àwa máa ń sọ pé ó pupa fòò, ó funfun báláú, ó dúdú kirikiri, ó tutù nini, kí ni Faransé ń fi sí i? Wọ́n ní "très" ni, bí ẹni ní "gan-an". Très fún pupa, très fún dúdú, très fún tutù. Àánú àwọn Faransé ṣe mí.

Ìnísà ni mo máa ń yà sí tí mo bá ń bọ̀ láti Òkukù. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n fún ìyá mi, wọ́n ní, "Abo? Kí ló wá ń ṣe ní àgbọ̀n ọkùnrin?"

Ọjọ́ tí a kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí èèyàn ṣe ń ṣe nǹkan, a dé orí "doucement." Ohun tí bàbá mi máa ń sọ nìyẹn nígbàkígbà tí èmi àti ìyá mi bá ń gbé wọn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọpẹ́ la rò pé wọ́n ń dá. A máa ń fèsì pé, "Ẹ má dúpẹ́." Àṣé ẹ rọra ni wọ́n ń wí. Mo sunkún láti Òkukù dé Ìnísà, awakọ̀ ń wò mí nínú dígí.

Lẹ́yìn ìyẹn mo kó gbogbo Faransé mi jọ, mo bi bàbá mi bí ara ṣe rí. Wọ́n ní, "Ça va, merci." A dúpẹ́ nìyẹn. Mo yí ìbéèrè náà padà, wọ́n tún dúpẹ́. Mo gbé ẹjọ́ lọ bá olùkọ́ mi, ẹ̀rín pa wọ́n.

"Ìwọ náà! Kíkí lo kí wọn, o ò bi wọ́n ní nǹkan kan. Àgbà wo ni wọ́n á kí ní ilẹ̀ yìí tí kò ní sọ pé a dúpẹ́, kódà bí iná bá ń jó o lẹ́sẹ̀? Fi nǹkan hàn wọ́n, kí wọ́n sọ bó ṣe rí."

Mo fọwọ́ kan àga, bàbá mi ní ó le. A wá tìmùtìmù sí i. Mo gbé ọbẹ̀ síwájú wọn, wọ́n ní ó tẹ́. Ìyá mi ní dókítà ló ní kí iyọ̀ mọ níwọ̀n. Mo túmọ̀ rẹ̀, bàbá mi pòṣé. Wọ́n ní yàrá ṣókùnkùn, a yí bẹ́ẹ̀dì kọjú sí fèrèsé. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Gbogbo ìgbà tí mo ti ní bàbá, n kò mọ̀ pé wọ́n ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú nípa àga.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, ìyá mi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, sùtánà funfun ṣì wà lọ́rùn wọn. Bàbá mi jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ìyá mi ṣẹ́jú sí mi. Mo nawọ́ sí ilé, mo bi bàbá mi bó ṣe rí.

Wọ́n ronú. "Petite." Ó kéré. "Chaude." Ó gbóná. Mo ń túmọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi wo ìyá mi, wọ́n ní, "Trop calme." Mo ní ó dákẹ́ jù.

"Bi wọ́n gan-an," ni ìyá mi wí. "Ṣé wọ́n ń kábàámọ̀ pé wọ́n wálé?"

Mo bi wọ́n. Bàbá mi pa ojú dé, wọ́n tún là á. "Parfois."

Nígbà míì, ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó wù mí kí n sọ pé rárá ni wọ́n wí. Ọlọ́run ló mọ bó ṣe wù mí tó. Ìyá mi ti rí i lójú mi.

"Má bá mi tún un ṣe o. Ohun tí wọ́n sọ ni kí o sọ."

"Wọ́n ní nígbà míì."

Ìyá mi dorí kodò. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ ìtùnú kiri nígbà tí èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni, ẹ̀rín ni. "Nígbà míì! Ó dáa bẹ́ẹ̀. Sọ fún wọn pé èmi náà, nígbà míì, mo máa ń kábàámọ̀ pé mo pè wọ́n wálé. Wàhálà wọn pọ̀." Mo sọ ọ́ fún bàbá mi, parfois àti gbogbo rẹ̀. Ìdajì ẹnu ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a gbọ́ ọ.

Ìyá mi wá ní, "Kí ló wá dákẹ́ jù nínú ilé yìí?"

N kò nílò láti bi bàbá mi. Láti ìgbà tí àìsàn ti wọlé, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ là ń sọ̀rọ̀. Ìyá mi, tí ìròyìn kì í tán lẹ́nu wọn tẹ́lẹ̀, kì í jókòó ti ọkọ wọn mọ́. Wọ́n á wẹ̀ wọ́n, wọ́n á fún wọn lóúnjẹ, wọ́n á jáde. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Wọ́n fa àpótí, wọ́n jókòó ti bàbá mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìjà tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn akọrin láàárọ̀ ọjọ́ náà: ẹni tó já orin gbà lẹ́nu ẹlòmíì, ẹni tó bínú jáde, ohun tí wòlíì sọ. Yorùbá pọ́nńbélé ni, ó ń dà yàà. Díẹ̀ ni bàbá mi lè gbọ́ nínú rẹ̀, ó dá mi lójú. Nígbà tí ìyá mi dúró láti mí, bàbá mi gbé ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sókè.

"Et puis?" Lẹ́yìn náà ńkọ́?

N kò tíì la ẹnu láti túmọ̀ rẹ̀ tí ìyá mi ti ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.