Ìgò Tó Wà Lábẹ́ Búláòsì

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń tún bàtà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ó-Ti-Yá. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló wà láàárín wa. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí ọjọ́ tó bá dá fún ọ gan-an lo máa bá aṣọ rẹ lórí ìkọ́, tó ti lọ̀ ọ́. Aránṣọ mélòó lẹ mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀? Aṣọ tirẹ̀ ló máa ń wà nísàlẹ̀ òkìtì. Mo bá búláòsì kan níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo dé, tó ti gé, tí kò tíì rán. Ọdún gorí ọdún, kò rán an.

Ẹnu ọ̀nà ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ni wọ́n ti rí Ìyá Ó-Ti-Yá ní ìkókó. Kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà kan bá wọlé tó ga bíi tirẹ̀, á wo ojú onítọ̀hún títí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá ra ohun èlò àyẹ̀wò DNA fún un. Kó ṣáà tutọ́ sínú ìgò kékeré, kó fi ránṣẹ́. Wọ́n á fi wé ti àwọn tó ti ṣe é, bí ẹbí rẹ̀ kan bá wà nínú wọn, á hàn.

Ó ní òun á ṣe é tí òun bá parí aṣọ ọkọ ìyàwó kan. Aṣọ ilé ìwé tún dé. Aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e.

"Ìgò yẹn ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ n gbọ́ ti oníbàárà ná, Baba Oníbàtà. Ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu."

Oṣù mọ́kànlá ni ìgò náà fi wà lábẹ́ búláòsì yẹn. Níkẹyìn inú bí mi, mo gbé e síwájú rẹ̀, mo ní bí kò bá tutọ́, n kò ní tún bàtà rẹ̀ ṣe mọ́ láéláé. Ó rẹ́rìn-ín, ó tutọ́. Èmi ni mo gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, èsì dé: ó ní àbúrò ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀. Awakọ̀ akẹ́rù ni. Nígbà tó wá, ó ní láti tẹrí ba kó tó lè wọlé, ó ga bíi tirẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá wa ló ní kí n ṣe àyẹ̀wò yìí. Wọ́n ní àwọn gbé ọmọ kan kalẹ̀ rí, torí àwọn ò rí nǹkan fún un jẹ. Àràárọ̀ ni wọ́n ń bi mí bóyá ẹnì kan ti jáde."

"Wọ́n dà?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn la sin wọ́n."

Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ìgò wà lábẹ́ búláòsì. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó dùn mí wọra, torí èmi náà ì bá ti tètè bínú.

Nọ́ọ̀sì kan yọjú pé òun wá gba aṣọ òun. Bọ́tìnnì méjì péré ló kù láti rán mọ́ ọn. Ìyá Ó-Ti-Yá gbé aṣọ náà, ó wò ó, ó gbé e sílẹ̀, ó sì fa búláòsì tirẹ̀ yọ nísàlẹ̀ òkìtì.

"Ó di ọ̀la, ọmọ mi," ló wí.