Orúnkún Tó Tẹ̀, Ẹ̀yìn Tí Kò Tẹ̀

Òórùn ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀, kí n tó mọ ohunkóhun mìíràn nípa rẹ̀: òórùn búrọ́ọ̀ṣì ìfọlẹ̀ tó ti rẹ sínú omi, tí òórùn ibọ̀sẹ̀ tútù àti ti koríko orí òkè dà pọ̀ mọ́ ọn. Òkè kan ni, ní ìhà gúúsù Dublin, níbi tí ilé ti ń tán tí pápá ẹran ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní oníke funfun láti orí rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ẹní tó ní irun ṣóńṣó-ṣóńṣó bíi búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ọ̀run, wọ́n sì ń wọ́n omi sí i kó lè máa yọ̀. Yìnyín kì í fi bẹ́ẹ̀ bọ́ nílùú yìí, ìwọ náà mọ̀. Èyí tó bá bọ́ láàárọ̀, òjò á ti fọ̀ ọ́ lọ kó tó di ọ̀sán. Nítorí náà, orí ẹní yẹn ni àwọn ará ibí ti ń kọ́ síkì, ìyẹn pákó gígùn tín-ín-rín méjì tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí yìnyín. Bí o bá dúró lókè pátápátá, wàá rí òkun, wàá rí gbogbo ìlú títí dé ìhà ọ̀dọ̀ wa ní Lucan, àyàfi bí kùrukùru bá bò ó, ó sì sábà máa ń bò ó.

Kì í ṣe eré ló gbé mi débẹ̀. Ìyàwó mi kú nígbà òtútù ọdún yẹn, a sin ín sí ilẹ̀ yìí, èrò sì kún ilé mi. O mọ bí tiwa ṣe rí. Ẹni tó bá wọlé á ní, "Ẹ kú ìrọ́jú." Ẹni tó bá ń jáde á ní, "Ẹ máa rọ́jú o." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nígbà náà, mo ṣì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó wá dà bí ẹni pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù fún mi láyé: kí n jókòó sórí àga kan náà, kí àwọn ènìyàn máa wá bá mi kẹ́dùn. Bí mo bá dìde láti bu omi mu, ẹnì kan á ti dìde ṣáájú mi. "Ẹ jókòó, sà. Ẹ rọra."

Àna mi ni olórí wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi obìnrin ni, Adamstown nítòsí wa ló ń gbé, kò sì sí ọjọ́ tí kì í wá. Á gbé kúlà oúnjẹ wá, á ṣí gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, á tún un tò bó ṣe wù ú. Mi ò bínú sí i. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ló kú, ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí nǹkan ṣe. Ohun tó dùn mí ni èyí tó ti pinnu nípa mi. Ó ní bí ọdún Àjíǹde bá ti kọjá, kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí n ta ilé, kí n padà sí Ìbàdàn. Yàrá ti wà nílẹ̀ nínú ilé bàbá wọn, ẹni tí yóò máa se oúnjẹ fún mi náà ti wà.

"Ọkùnrin kì í dá gbé nílùú òyìnbó," ó ní. "Òtútù á gbé e lọ."

Ọmọbìnrin mi jókòó tì wá, ó ń wo fóònù rẹ̀. Èmi náà tẹrí ba, mo ní, "Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n."

O lè béèrè pé kí ló dé tí mi ò kọ̀. Mo rò pé bí wọ́n ṣe tọ́ ìwọ ni wọ́n tọ́ èmi náà: ènìyàn kì í dúró gangan níwájú ará ilé ìyàwó rẹ̀. Láti ọjọ́ ìdána ni mo ti ń dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin yìí. Nígbà tí ara ò gbà á mọ́, mo ń tẹ̀ láti ìbàdí, mo ń fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Ẹni tó bá ti tẹ̀ báyẹn, ọ̀rọ̀ wo ló tún lè ti ẹnu rẹ̀ jáde ju "ẹ ṣé" lọ? Mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ̀ fún un láìjẹ́ pé mo rí i fín.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo bá a nínú yàrá mi, ó ń ká ṣẹ́ẹ̀tì mi sínú àpótí. Mo mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, mo jáde. Mi ò mọ ibi tí mò ń lọ. Mo wakọ̀ títí mo fi dé ẹsẹ̀ òkè yẹn, mo sì dúró nítorí obìnrin arúgbó kan tó ń bọ̀ láti òkè. Àwọn yòókù, bàtà wọn dè mọ́ pákó láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ní tirẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ ń gbéra. Bó bá fẹ́ yí, á ti ẹsẹ̀ kan síwájú, á fa èkejì sẹ́yìn, á sọ orúnkún rẹ̀ kalẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹní, á tún dìde. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó kúnlẹ̀, ó dìde, títí tó fi délẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé kó rọra.

Mo wọ ọ́fíìsì wọn, mo ní mo fẹ́ kọ́ irú ti ìyá náà. Ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà béèrè bóyá ọmọ-ọmọ mi ni mo wá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní èmi ni. Ó ní tẹ́límáàkì ni wọ́n ń pe irú ti ìyá yẹn, ó le, kí n kọ́kọ́ fi èyí tí wọ́n ń de gìgísẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ní rárá. Àwọn tó fẹ́ dè mí mọ́lẹ̀ nílé ti pọ̀ tó.

Ìyá arúgbó yẹn gan-an ló di olùkọ́ mi. Ìṣubú ló kọ́kọ́ kọ́ mi. Ó ní bí mo bá ń lọ ilẹ̀, kí n di ọwọ́ mi ní ẹ̀ṣẹ́, kí àtàǹpàkò mi má baà há sínú ihò ẹní. Ó mọ ohun tó ń sọ, nítorí mo ṣubú bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ìṣubú. Mo ṣubú sọ́tùn-ún, mo ṣubú sósì, mo ṣubú níbi tí mo dúró sójú kan tí mò ń fun imú mi. Kò bá mi kẹ́dùn rí. Bí mo bá ti dìde tán, á ní, "Grand. Lẹ́ẹ̀kan sí i." Bí àwọn ará ibí ṣe ń sọ pé kò burú nìyẹn. O ò lè mọ bó ṣe tù mí lára tó. Láti ọjọ́ ìsìnkú, òun lẹni àkọ́kọ́ tó bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ṣì ní nǹkan láti ṣe.

Àléébù mi ò pẹ́ hàn. Bí mo bá fẹ́ yí sósì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló yẹ kó lọ síwájú, kí òsì wà lẹ́yìn, kí orúnkún rẹ̀ tẹ̀, kí ìwúwo ara mi sì pín sórí méjèèjì. Dípò orúnkún, ìbàdí mi ló ń tẹ̀. Àyà mi á lọ síwájú, orí mi á wolẹ̀, gbogbo ìwúwo á bọ́ sórí ẹsẹ̀ iwájú, pákó ẹ̀yìn á sì máa jù kiri bí ìrù ajá. Olùkọ́ mi wò mí títí.

"Ta lò ń kí?" ó béèrè.

Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Bí wọ́n bá ní kí ọkùnrin Yorùbá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ìbàdí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Obìnrin ló ń kúnlẹ̀ kí ènìyàn. Orúnkún tèmi ò gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí àfi ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí tìmùtìmù wà.

Ó ní kí n gbé ọ̀pá méjèèjì tí mo fi ń tilẹ̀ dábùú níwájú àyà mi, bí ẹni gbé tíréè oúnjẹ tọ àlejò lọ, tí kò fẹ́ kí ọbẹ̀ dà nù. Ó ní kí n wo ibi tí mò ń lọ, kí n yé wo ẹsẹ̀ mi. Ó ní kí n gbìyànjú láti gbé ẹsẹ̀ iwájú díẹ̀ bí mo bá ti tẹ̀ tán. Bí mo bá lè gbé e láìṣubú, a jẹ́ pé ìwúwo ti dé ẹ̀yìn nìyẹn. Nílé, mo ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan fọ ẹnu. Níbi iṣẹ́ mi ní Grange Castle, níbi tí mo ti ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń mú kí ilé kọ̀ǹpútà tutù, ọ̀nà àárín ilé gùn, ariwo fáànù sì bo gbogbo nǹkan. Nígbà ìsinmi, mo ń rìn ín lọ rìn ín bọ̀, orúnkún kan sílẹ̀, orúnkún kan sókè. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ká mi mọ́ ọn.

"Ọ̀gá, ta lẹ̀ ń bẹ̀ kó fẹ́ yín?"

"Òkè kan ni," mo dá a lóhùn. "Kò tíì gbà."

Ọwọ́ mi tó wú ló tú àṣírí mi. Àna mi rí i bí mo ṣe ń gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó béèrè ohun tó ṣe mí, mo ní mo ṣubú; kí n tó ronú ohun tí mo máa sọ tẹ̀ lé e, ọmọ mi ti fi Gẹ̀ẹ́sì ìlú Dublin rẹ̀ ṣàlàyé pé Dádì ń kọ́ síkì.

"Ó ń kọ́ kí ni?" Àna mi gbé abọ́ náà sílẹ̀. "Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ò tíì pé ọdún nílẹ̀! Ẹ̀yin àtàwọn ọmọ òyìnbó lẹ jọ ń yọ̀ lórí ike! Bí ẹsẹ̀ bá kán, èmi ni kí n pọ̀n yín?" Ó ní òun máa wá fi ojú ara òun rí i ní Sátidé, bí òun bá sì ti rí i tán, òun máa pe Ìbàdàn kí wọ́n kun yàrá náà. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Òjò ń ṣẹ́ wínníwínní lọ́jọ́ Sátidé náà. Mo wà lókè nígbà tí mo rí àna mi àti ọmọ mi lẹ́bàá ọgbà nísàlẹ̀, àna mi nínú kóòtù tó balẹ̀ dé kókósẹ̀, báàgì rẹ̀ lápá. Mo gbéra. Mo yí sọ́tùn-ún, ó dára. Mo fẹ́ yí sósì, mo gbójú sókè, mo rí ojú àna mi. Ọ̀rẹ́ mi, ìbàdí mi ò béèrè lọ́wọ́ mi rárá. Ó tẹ̀ fúnra rẹ̀, bó ṣe ti ń tẹ̀ fún obìnrin yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì lọlẹ̀ gbàgà.

"Ẹ jókòó síbẹ̀!" ó kígbe. "Ẹ má dìde mọ́! Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá gbé yín!"

Olùkọ́ mi, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ò gbọ́ èdè náà. "Grand," ó ní. "Lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo dìde. Mo gbé ọ̀pá dábùú. Mo tún wo àna mi, mo sì ń wò ó bọ̀. Mi ò mú ojú kúrò lára rẹ̀. Mo ti ọ̀tún síwájú, mo fi ìka ẹsẹ̀ òsì tẹ pákó, orúnkún mi lọ sílẹ̀, sílẹ̀, àyà mi sì dúró níbi tó wà. Pákó méjèèjì yí pọ̀ bí ẹyọ kan. Mo yí sọ́tùn-ún, mo tún yí sósì, omi ń ta sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Yíyí tó kẹ́yìn gbé mi dé iwájú rẹ̀, ó dá mi dúró síbẹ̀. Mi ò dìde. Orúnkún mi wà lórí ẹní tútù, mo sì sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò lọ sí Ìbàdàn. Mi ò ta ilé mi. Ẹ má bínú."

"Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń kí àna nílé yín?" ó béèrè.

Mi ò gbójú sílẹ̀.

"Bí àbúrò mi ṣe máa ń kúnlẹ̀ nìyí," ó ní, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Orúnkún á wà nílẹ̀, àyà á dúró gangan, ojú á wà lójú ẹni. Màmá wa á ní, 'Ṣé ó ń kí mi ni, àbí ó ń dúró gba èsì?' Wọ́n nà án títí. Kò yí i padà."

Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọdún tó fi kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, mi ò wò ó rí; ẹni tí wọ́n ń kúnlẹ̀ fún kì í wo ẹ̀yìn ẹni tó kúnlẹ̀.

Ọmọ mi ló gbà wá sílẹ̀. "Dádì, ẹ dìde," ó ní, ní Yorùbá, èyí tí kò wọ́pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Omi ti wọ ṣòkòtò yín."

Àna mi fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú. "Ẹ ò gbọ́ràn," ó ní. "Òun náà ò gbọ́ràn. Ẹ yẹ ara yín." Kò gbà fún mi lọ́jọ́ náà, kò sì tíì gbà títí di òní pé mo ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ò gba ìpè kankan lórí ọ̀rọ̀ yàrá.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Yíyí sósì ṣì ń fún mi níṣòro, orúnkún mi sì ń dùn mí bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ìyẹn ni pé ó ń dùn mí lójoojúmọ́. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń sọ pé ọ̀fọ̀ ti dà mí lórí rú. Kí wọ́n máa sọ ọ́. Mo ń ṣọ̀fọ̀ lóòótọ́, mi ò sì retí pé yóò tán. Ikú ti rẹ̀ mí sílẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Kò sí ẹni tí kì í rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tó rẹ̀ mí sílẹ̀ dé yẹn, orí mi ò wolẹ̀. Bí ikú bá tún padà wá, èmi ni yóò sì wá mú, yóò bá mi lórí orúnkún kan, èmi àti òun yóò sì jọ wojú ara wa.