Akọ́wé Kan Ni Wọ́n Ní

Ràṣídátù ìyàwó mi kò fojú rí òkun rí títí ó fi di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Agbowó la ń gbé. Ibẹ̀ náà ló ti ń ta ike àti abọ́. Bí abọ́ kan bá sán, á fi ìka tọ́ka ibẹ̀ han oníbàárà kí ó tó gbowó. Àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí mo gbé e níyàwó, bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ó fi ọmọkùnrin kan sílẹ̀, Ṣàkírù àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìyá ọmọ náà ti kú ṣáájú. Ọjọ́ kejì tí Ràṣídátù wọlé ló ti gbé e pọ̀n. A kò tètè bímọ. Ọdún mẹ́fà ni Ṣàkírù nìkan fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kí a tó bí Nàfísátù.

Nílé wa, ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nínú ilé lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ó ní láti fún un lórúkọ mìíràn. Bíríkìlà ni mí. Lọ́sẹ̀ tí ìyàwó mi dé, mo rẹ́ ògiri pálọ̀. Kí ó tó gbẹ, Ṣàkírù ti mú igi, ó ti fa ìlà wọ́gọwọ̀gọ sí i láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé. Mo fẹ́ nà án. Ràṣídátù dúró sáàárín wa.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án. Akọ́wé ni. Ìwé ló ń kọ."

Láti ọjọ́ náà, Akọ́wé ló ń pè é. Kò sí ẹlòmíràn tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ṣàkírù náà ń pè é ní Ìyàwó, nítorí ó ṣáájú rẹ̀ dé inú ilé. Láti ẹ̀yìn tó pọ̀n ọ́n sí ló ti ń pè é ní Ìyàwó.

Akọ́wé kò kọ ìwé kan tó dà bí alárà. Ó fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó kọ́ mọ́tò wíwà. Iṣẹ́ tó wá ń ṣe ni kí ó máa lọ gbé mọ́tò tòkunbọ̀ láti Kùtọ́nú wá fún àwọn tó ń tà á ní Ring Road. Ìyàwó tirẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ló ti ń jẹun.

Ní òpin oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, lọ́jọ́ Àìkú, Suhail wá sílé wa. Òun àti Ṣàkírù ni wọ́n jọ máa ń lọ gbé mọ́tò. Ó dọ̀bálẹ̀, kò dìde.

"Kí ló dé?" ni mo wí.

"Bàbá, mọ́tò gbá Bọ̀ọ̀dá Ṣàkírù ní Kùtọ́nú, lójú ọ̀nà tó wà létí òkun. Ọjọ́bọ̀ ni."

Ràṣídátù ní, "Ọjọ́bọ̀ wo? Òní ọjọ́ Àìkú?"

"Ẹ̀rù ló bà mí, Màmá. Wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù. Mi ò mọ èyí tí wọ́n gbé wọn lọ. Fóònù wọn fọ́."

"O ní ẹsẹ̀ méjì, o ní ẹnu, ọjọ́ mẹ́rin lo fi dákẹ́. Dìde lójú mi."

Lọ́jọ́ Ajé, èmi àti Ràṣídátù wọ mọ́tò ní Challenge ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. A dé ẹnubodè Sẹ́mẹ̀ ní aago kan. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la dé ọsibítù àkọ́kọ́ ní Kùtọ́nú. Aṣọ́nà ní ẹnì kan ṣoṣo ló lè wọlé. Èmi ni mo wọlé. Obìnrin tó jókòó ti ìwé jẹ́ ọmọ Kétu, ó gbọ́ Yorùbá.

"Ta lẹ ń wá, Bàbá?"

"Ṣàkírù. Awakọ̀ ni, láti Ìbàdàn. Mọ́tò ló gbá a."

Ó fi ìka tọ ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

"Kò sí Ṣàkírù. Kò sí awakọ̀ kankan. Àwọn tí mọ́tò gbá tó wà lọ́dọ̀ wa, obìnrin méjì ni, ọmọdé kan, àti akọ́wé kan."

Mo dúpẹ́, mo jáde. Ràṣídátù wà lẹ́nu géètì, ó di irin rẹ̀ mú.

"Ńkọ́?"

"Kò sí níbẹ̀."

Ohun tí mo sọ nìyẹn. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a dé ọsibítù mẹ́ta. A dé ibi tí wọ́n ń kó òkú sí. Bí wọ́n bá bi Ràṣídátù ní orúkọ ẹni tó ń wá, á wo ojú mi, èmi á pe orúkọ náà. Ní ilé òkú, ó ka gbogbo ẹsẹ̀ tó yọ lábẹ́ aṣọ. Ó ní mọ́kànlá. Ó ní òun mọ ẹsẹ̀ ọkọ òun, kò sí níbẹ̀. Kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́rú, a lọ sí etí òkun tí Suhail wí, bóyá a máa rí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n gbé e lọ. Àkókò ọlidé ni. Èrò pọ̀ lórí yanrìn, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń pariwo, àwọn ọmọdé ń sá fún omi. A bi ènìyàn mẹ́tàdínlógún. Kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan. Ọkùnrin kan tó ń ya fọ́tò tẹ̀ lé wa.

"Àǹtí, Àlàájì, ẹ dúró pọ̀, kí òkun wà lẹ́yìn yín. Àlàájì, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìyàwó yín arẹwà ni!"

Ràṣídátù kò gbọ́. Omi náà ló ń wò. Ó béèrè lọ́wọ́ mi, ohùn rẹ̀ kò sókè:

"Ṣé wọn kò jù ú sínú èyí?"

"Rárá."

Ó jókòó sórí yanrìn.

"Bàbá Nàfísátù, ẹ jẹ́ ká tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, kí ni obìnrin yẹn wí?"

"Ó ní kò sí."

"Ẹ̀yin lẹ ń wí 'kò sí'. Kí ni òun wí?"

Mo rò ó. Mo sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Kò sí awakọ̀. Obìnrin méjì, ọmọdé kan, akọ́wé kan.

Ó dìde.

"Kí lẹ wí?"

"Akọ́wé kan."

Ó figbe ta. Ẹni tó ń ya fọ́tò sá sẹ́yìn.

"Ọkọ mi ni! Orúkọ tí mo sọ ọ́ ni! Ọdún mélòó lẹ ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu mi?"

"Mẹ́tàlélógójì," ni mo wí.

Ó ń sáré lọ kí n tó pa ẹnu dé. Ó fi bàtà rẹ̀ kan sílẹ̀ nínú yanrìn. Èmi ni mo mú bàtà náà dání.

Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú la dé ọsibítù náà. Aṣọ́nà ní ẹnì kan ṣoṣo. Ràṣídátù kò tilẹ̀ wò ó. Ó dúró níwájú obìnrin Kétu náà, ó ń mí gúlegúle.

"Ẹ bá mi wá Akọ́wé mi."

Obìnrin náà wò ó, ó wò mí. Ó dá mi mọ̀.

"Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé ló ti ń ṣèrànrán. A bi í ní orúkọ, akọ́wé ló ń wí ṣáá. A rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń sọ, torí ẹni tó kàwé là ń pè bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. A kọ ọ́ síbi iṣẹ́."

Dókítà jáde. Obìnrin náà ló ń túmọ̀ ohun tó wí fún wa. Egbò ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ti rà. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè la ẹsẹ̀ náà kí ó sì jinná, ṣùgbọ́n ẹbí ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé. Wọ́n dúró de ẹbí títí di àná. Láàárọ̀ yìí, aago mẹ́wàá, wọ́n gé e nísàlẹ̀ orúnkún kí ẹ̀mí má baà bọ́.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Òun ni awakọ̀ fi ń tẹ bíréèkì.

Ìrọ̀lẹ́ ni Ṣàkírù tó lajú. Ó rí Ràṣídátù.

"Ìyàwó."

"Akọ́wé mi."

"Ẹ pẹ́ o. Ṣé ọbẹ̀ lẹ dúró sè ni?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè ṣe é. Ó wá béèrè pé:

"Ọjọ́ wo lẹ dé?"

Ràṣídátù ń wo ibi tí aṣọ ìbora ti tẹ́jú. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

"Òní náà ni," ló wí. "Láti Challenge tààrà."

Ó ti di ọdún kan. Ṣàkírù ń gbé lọ́dọ̀ wa, abẹ́ fèrèsé pálọ̀ ló máa ń jókòó sí. Ràṣídátù ń fi omi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀ tó kù láràárọ̀. Kò sọ nǹkan kan fún mi nípa ọjọ́ náà rí. Ṣàkírù a máa sọ fún àlejò pé ká ní Suhail tètè wá sọ fún wa ni, ẹsẹ̀ òun ì bá wà. Suhail ti wá bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣàkírù kọ̀, kò dá a lóhùn. Èmi wà níbẹ̀ nígbà méjèèjì, mo dákẹ́.

Ọjọ́ Ajé la dé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.