Ìrìn Ìyá Mi Lójú Ọ̀nà Odòmẹ̀tà

Kò tíì pẹ́ tí Dàhómè gba òmìnira nígbà tí dókítà kan ní Àjàṣẹ́ sọ fún ìyá mi pé àtọ̀gbẹ ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Dókítà ní kí wọ́n dín iyán àti ẹ̀kọ kù, kí wọ́n sì máa rìn lójoojúmọ́.

"Ṣé mi ò tíì rìn tó láyé mi ni?" Báyìí ni ìyá mi bi mí nígbà tí a ń padà bọ̀ sí Kétu. Àgbàdo ni wọ́n ń rù láti oko wá sọ́jà kí orúnkún tó dá wọn dúró. "Kí n máa rìn láìru nǹkan, láìlọ síbì kan? Wọ́n á ní orí mi ti dàrú."

Bàbá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nígbà tí a délé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó yá, ìyá àwọn ọmọ."

N kò rí i rí kí àwọn méjèèjì rìn pọ̀. Bàbá mi ló máa ń ṣíwájú, ìyá mi á máa tẹ̀ lé wọn lókèèrè pẹ̀lú ẹrù. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Odòmẹ̀tà, bàbá mi rọra ń gbẹ́sẹ̀ títí ìyá mi fi bá wọn. Àwọn tó ń lọ sóko béèrè ibi tí wọ́n ń lọ.

"A ò lọ síbì kan," ni bàbá mi wí. "Ẹsẹ̀ ìyàwó mi là ń tún ṣe."

Àwọn ènìyàn fi wọ́n ṣẹ̀sín títí ó fi sú àwọn tó ń ṣẹ̀sín.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gún gún ìyá mi lẹ́sẹ̀, wọn ò mọ̀ ọ́n lára, àtọ̀gbẹ ti sọ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn di òkú. Ẹ̀jẹ̀ inú bàtà ni bàbá mi rí. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti dé, bàbá mi á gbé ẹsẹ̀ ìyá mi lé itan, wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ wò. Ojú máa ń tì mí, mo máa ń wo ibòmíràn.

Ibà ló pa bàbá mi lọ́dún kẹta. Ìyá mi wọlé opó. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ẹsẹ̀ wọn ti wú, omi tí wọ́n ń mu kò tó wọn mọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú àbúrò bàbá mi obìnrin, tó ń ṣọ́ wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n rìn díẹ̀."

"Opó kì í jáde."

"Nínú àgbàlá náà ni. Ẹ̀gbọ́n yín ló bẹ̀rẹ̀ ìrìn yìí."

Àbúrò bàbá mi dìde, wọ́n di ìyá mi lọ́wọ́ mú. Àwọn méjèèjì yí àgbàlá ká, wọ́n ń sunkún.

Ìka ẹsẹ̀ méjì ni àrùn náà gbà lọ́wọ́ ìyá mi, ṣùgbọ́n wọ́n tún rìn fún ọdún mẹ́sàn-án. Èmi ni mo ń bá wọn lọ. Láàárọ̀ tí wọn ò lè dìde mọ́, wọ́n ní kí n máa dá lọ.

Mo lọ.