Kinue àti Páìnì Funfun Bàbá Ọkọ Rẹ̀

Òótọ́ pọ́nńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí irọ́ kan bá wà níbẹ̀, kí gbogbo igi inú ìkòkò tó wà lọ́gbà mi rọ lójú mi, bẹ́ẹ̀ kò sì sẹ́ni tí igi rẹ̀ dára tó tèmi ní gbogbo ẹsẹ̀ òkè Akaishi.

Etíkun Kinashi ni wọ́n bí Kinue sí, níbi tí igi páìnì dúdú inú ìkòkò ti pọ̀ bí iyanrìn, tí ọmọdé ti ń mọ àlùmọ́gàjí í lò kó tó mọ ọ̀nà ilé-ìwé. Nígbà tó fẹ́ Masafumi, abúlé Doi níhìn-ín ló bá a wá, sílé Tokuzo, bàbá ọkọ rẹ̀. Bàbá náà kì í jẹ́ kó sinmi.

“Ẹ̀yin ará etíkun, ẹ ò lè rí igi kẹ́ ẹ má gé e. Irun orí yín nìkan ló ríbi sá sí.”

“Bàbá, tiyín ń sá lọ fúnra rẹ̀, kò sì tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.”

Igi kan wà níwájú ilé tí Tokuzo fẹ́ràn ju ojú rẹ̀ lọ: páìnì funfun kan nínú àwo pẹlẹbẹ, kò ga ju orúnkún lọ, ṣùgbọ́n ó ti gbó débi pé kùrukùru orí òkè a máa kọ́kọ́ yà kí i láàárọ̀. Ìyàwó Tokuzo ló ń bomi rin ín kó tó kú. Láti ìgbà náà, bí bàbá bá jí, ọ̀dọ̀ igi yìí ló ń lọ, á máa bá a tàkúrọ̀sọ bí ẹni pé ìyàwó rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò òjò, Tokuzo yọ̀ ṣubú lórí òkúta ẹnu ọ̀nà, itan rẹ̀ kán. Bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó di ọwọ́ Kinue mú. “Bá mi tọ́jú igi ìyá ọkọ rẹ o.”

Inú Kinue dùn pé bàbá fọkàn tán òun. Ó pọ́n àlùmọ́gàjí, ó sì ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe ní Kinashi nírú àsìkò bẹ́ẹ̀: ó gé gbogbo ọ̀mùnú ọdún náà kúrò, kí òmíràn tó kúrú, tó sì dára jù bẹ́ẹ̀ lọ lè hù. Ó ń gbá ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Hisayo, aládùúgbò wọn tó ń ṣe tófù, ìyẹn wàrà ẹ̀wà sóyà, yọjú. Tófù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kinue! Ta ló fá orí igi yìí?”

“Èmi ni, Màmá. Ṣé ó mọ́?”

“Ó mọ́ bí orí òkú! Páìnì dúdú lẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Funfun lèyí! Bí wọ́n bá ti gé tirẹ̀ tán báyìí, kì í sábà padà hù. Gbígbẹ ló kù.”

Kinue jókòó sílẹ̀. Orí tófù ló jókòó lé, kò mọ̀.

Nígbà tí Masafumi dé, ó wo igi, ó wo ìyàwó rẹ̀. “Kó o tó sọ fún Bàbá, kọ́kọ́ sọ fún mi, kí n lè ti wọ ọkọ̀ ojú irin.”

“Ṣé o ò ní dúró tì mí ni?”

“Màá dúró tì ẹ́. Láti Osaka.”

Gbogbo àsìkò òjò náà, oúnjẹ kò wọ ọ̀fun Kinue. Bí òjò bá pọ̀, á gbé igi wọ abẹ́ òrùlé. Bí oòrùn bá yọ, á gbé e jáde. Kì í ṣe èébú ló ń bà á lẹ́rù. Bí igi yìí bá kú, ta ni bàbá yóò máa bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀?

Ọjọ́ tí Tokuzo fi ọ̀pá rìn wọlé, Kinue dojú bolẹ̀ lórí ẹní. “Bàbá, mo ti pa igi Ìyá.”

“Mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.”

Tokuzo wò ó títí. Ó wá fi èékánná ha koríko wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó bo ìdí igi náà kúrò. Èèpo tó wà lábẹ́ rẹ̀ le, ó sì là yánnayànna, kò jọ ti òkè rárá.

“Ṣé o mọ èèpo yìí?”

“Páìnì dúdú ni!”

“Òun ni. Bàbá mi ló gbé ẹ̀ka funfun lé gbòǹgbò dúdú, ó dì wọ́n pọ̀ títí wọ́n fi di ara kan. Orí ará òkè, ẹsẹ̀ ará etíkun. Ká ní funfun látòkè délẹ̀ ni, ì bá ti lọ. Agídí àwọn èèyàn rẹ ni kò jẹ́. Wo ìdí àwọn ewé bí abẹ́rẹ́ yẹn, ìwọ tójú rẹ ṣì ríran.”

Kinue bẹ̀rẹ̀ wò ó. Àwọn nǹkan kóńkóló bí ọkà bàbà ti yọ orí, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún.

“Bàbá, ó ń hù!”

“Mo ti rí i látẹnu ọ̀nà. Mo kàn fẹ́ kó o bẹ̀rù díẹ̀ sí i ni.”

“Ẹ burú o, Bàbá!”

“Èmi ni mo burú? Ìwọ tó fá orí ìyàwó mi?”

Kinue ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó se údọ̀n, oúnjẹ ìyẹ̀fun tó gùn bí okùn, lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sì jẹ ẹ́ débi pé Masafumi gbé àwo tirẹ̀ pamọ́. Nígbà tí òtútù ọdún náà kásẹ̀ nílẹ̀, igi náà tú ọ̀mùnú bí ẹni tú irun, àwọ̀ ewé rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ débi pé àwọn awakọ̀ ń dín iná ọkọ̀ wọn kù bí wọ́n bá ń kọjá. Kinue ló ń bomi rin ín báyìí, òun àti bàbá ni wọ́n sì jọ ń bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kó tó débẹ̀, Tokuzo á ní kó kọ́kọ́ na ọwọ́ méjèèjì síta, kóun lè rí i pé òfìfo ni.

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ bi Hisayo alátófù. Ó ṣì wà láàyè, ẹnu rẹ̀ sì mú, ilé rẹ̀ ló tẹ̀ lé ti Tokuzo.