Òrùka Tí Tẹ̀-ẹ́-wò Kò Dè

Tẹ̀-ẹ́-wò ni gbogbo àdúgbò ń pe mẹkáníìkì yìí, bí ẹ bá sì ti rí i lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ò ní béèrè ìdí. Kò sí ọkọ̀ tó máa kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò, kó sì dẹ etí sílẹ̀. "Ọkọ̀ kì í purọ́," ló máa ń wí, "èèyàn ní ń purọ́." Ó wí i títí ó fi kan òun náà.

Àbúrò rẹ̀ ló gbé ọkọ̀ asáré pupa kan wá, èyí tó rẹlẹ̀ débi pé kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ ó kọ́kọ́ tẹ́ríba fún un. Ó ra ṣọ́ọ̀kù tuntun mẹ́rin sí i, irú èyí tí sípírín wé mọ́ lára, tí òrùka méjì sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òrùka òkè ni wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ ga tàbí kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀; tìsàlẹ̀ ni wọ́n ń dè mọ́ ọn kó má baà yí mọ́. Tẹ̀-ẹ́-wò fi jáàkì gbé ọkọ̀, ó tú táyà, ó yọ ti àtijọ́, ó ki tuntun bọ̀ ọ́. Gbogbo ẹ̀ ń lọ létòlétò.

Orí bí ọkọ̀ á ṣe ga tó ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

"Bó bá fi lọ sílẹ̀ ju báyìí lọ, táyà á máa ha bọ́dì," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ayé ti kúrò níbi tẹ́ ẹ fi í sí. Ọkọ̀ àwọn bàbá arúgbó lẹ mọ̀ ọ́n ṣe."

Àwàdà ni o. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà méjì wà nítòsí, àwọn náà bú sẹ́rìn-ín. Háà! Ọ̀rọ̀ náà gún Tẹ̀-ẹ́-wò lọ́kàn. Àbí ta ló kọ́ ọmọ yìí ní ọkọ̀ wíwà? Ó rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ bí àbúrò ṣe fẹ́. Ó de òrùka ìsàlẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó dé tiwájú lápá òsì, ó wò ó, ó sì fi í sílẹ̀. Kó yí àdúgbò ká, kó gbọ́ bí ọkọ̀ á ṣe máa ké, kó padà wá bẹ̀ mí. Ohun tó rò nìyẹn, àgbàlagbà tó ti hu ewú! Kò sì tẹ ọkọ̀ náà wò kí àbúrò tó wà á lọ.

Ó ń fọwọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé.

"Ṣé àbúrò yín ti lọ? Òun ló ń gbé Màmá lọ ọsibítù ojú lónìí. Màmá ní ọkọ̀ pupa yẹn lòun fẹ́ gbádùn lójú títì márosẹ̀."

Ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ Tẹ̀-ẹ́-wò. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ó pe fóònù àbúrò, kò gbé e. Ìyá wọn kì í jẹ́ kí awakọ̀ gbé fóònù. Ó kó irinṣẹ́ sínú ọkọ̀ ògbólógbòó rẹ̀, ó sì gbá tẹ̀ lé wọn. Gbogbo kòtò ẹ̀bá ọ̀nà ló ń wò. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ òun ni, orí òun ni kó sọ̀ sí.

Ẹnu ọ̀nà ọsibítù ló ti rí ọkọ̀ pupa náà, tó fẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀, tí táyà iwájú há mọ́ bọ́dì, tó ti bó. Ìyá wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbá báàgì mọ́ àyà. Àbúrò sáré pàdé ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú! Ẹ kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́. Mo ya kọ̀nà báyìí, ọkọ̀ wọ́ wa lọ, díẹ̀ ló kù ká forí sọ ọkọ̀ akẹ́rù. Màmá ń pariwo, mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ má bínú, mo ba iṣẹ́ yín jẹ́."

Ẹ̀bẹ̀ tó ń wá rèé! Ojú ti Tẹ̀-ẹ́-wò débi pé kò lè gbójú sókè. Bó bá ní "kò burú", tó wọ abẹ́ ọkọ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láyé. Ó rò ó, ká má purọ́.

"Má bẹ̀ mí mọ́," ó wí. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi òrùka kan sílẹ̀ láìdè ni. Inú bí mi. Mo fẹ́ kó o padà wá bẹ̀ mí."

Àbúrò wò ó títí. Ó bojú wẹ̀yìn, níbi tí ìyá wọn jókòó sí.

"Màmá wà nínú ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Tẹ̀-ẹ́-wò kó irinṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀, ó yí òrùka òkè padà sípò, ó de tìsàlẹ̀ mọ́ ọn títí apá fi ro ó. Nígbà tó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ tán, ó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí i gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀," ni àbúrò wí, ó sì bọ́ sí iwájú rẹ̀. "Èmi á tẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi."