Ẹni Tó Kun Ògiri Ẹ̀bá Afárá

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìlú náà dáadáa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ mú yín lọ sí ààfin àtijọ́ tí gbogbo ayé ń sáré lọ. Ẹlẹ́sẹ̀-Irin, afinimọ̀nà kan níbẹ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orí àtẹ̀gùn òkúta tí àwọn apẹja ń gbà bọ́ sódò ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Á ní kí àwọn àlejò kẹ́yìn sí ìlú, kí wọ́n kọjú sí omi, kí wọ́n sì panu mọ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ó ní odò ló kọ́kọ́ débẹ̀, òun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kí. Àwọn kan á máa rẹ́rìn-ín, àwọn kan á máa wo aago. Ìyẹn ò kàn án. Tí ìṣẹ́jú náà bá pé, á ní ó yá, kí wọ́n ṣọ́ra ní àtẹ̀gùn kẹrin, nítorí òkúta ibẹ̀ ń yọ̀ bí ọṣẹ.

Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ló fún un lórúkọ yẹn, torí pé láti ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń fi ìlú han àlejò, kò sẹ́ni tó rí i kó jókòó lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin kúkúrú ni, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, tí bàtà rọ́bà kì í wọ́n lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó mọ ìgbà tí oòrùn máa ń kan ilé kọ̀ọ̀kan. Aago mẹ́wàá ni á mú yín dé òpópónà àwọn agbẹ́gilére, torí ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn kí eruku igi lè jáde, ẹ ó sì rí wọn lẹ́nu iṣẹ́ láìsan owó wíwọlé. Ó di ọ̀sán kó tó mú yín lọ sí ilé ìtẹ̀wé àtijọ́, nígbà tí ẹ̀rọ bá ń sinmi, tí baba tó ni ín sì ń wá ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Ó mọ ilé tíì tí wọ́n ti máa ń jẹ́ kí àlejò yà sẹ́yìn lọ tọ̀ láìra nǹkan kan. Ó sì mọ èyí tí wọn ò ní gbà, bí ẹni náà tiẹ̀ ń fò sókè fò sílẹ̀ níwájú wọn.

Àbùkù kan ló ní, gbogbo àwọn afinimọ̀nà ìlú náà ló sì jọ ní in: wọn kì í sọ pé àwọn ò mọ̀. Lójú wọn, ẹni tó bá ti lanu sọ “mi ò mọ̀” níwájú àlejò ti ta ara rẹ̀ lọ́pọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àlejò kan nawọ́ sí ògiri ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ tó wà lẹ́bàá afárá, èyí tí wọ́n ya obìnrin aláṣọ búlúù kan sí, tó di àjẹ̀ mú, tó ń wo omi. Ó béèrè ẹni tó yà á. Ẹlẹ́sẹ̀-Irin ò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ rárá. Ló bá ní gbajúmọ̀ ayàwòrán kan ni, tí ìfẹ́ obìnrin kan kó sí lórí. Pé obìnrin náà sọdá odò lọ́jọ́ kan, kò padà mọ́, ni ọkùnrin náà bá yà á síbẹ̀ kó lè máa rí i. Àlejò náà nu omijé ojú rẹ̀ nù. Láti ọjọ́ yẹn ni ìtàn náà ti di ìtàn ìlú.

Ẹ sáà mọ ìjọba àti ọ̀rọ̀ ìwé. Nígbà tí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àlejò pinnu pé kò sẹ́ni tí yóò tún ṣe afinimọ̀nà láìní báàjì, wọ́n tẹ ìwé kan jáde, wọ́n ní ohun tó wà nínú rẹ̀ làwọn yóò fi dán wọn wò. Ibùdó méjìlá ni wọn yóò fẹsẹ̀ rìn dé. Ẹni tó bá kùnà ní ẹyọ kan péré, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀rù sì ba Ẹlẹ́sẹ̀-Irin, torí iṣẹ́ yìí nìkan ló mọ̀, kò sì sí àlejò tí yóò dúró dè é fún odidi ọdún kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú ilé wọn, ló ń ka ìwé náà sí i létí nídìí máṣínnì. Nígbà tó dé ojú ìwé ògiri náà, ẹ̀rín pa á.

“Mọ́mì, ọ̀rọ̀ ẹnu yín rèé,” ló wí. “Wọn ò tiẹ̀ yọ ‘ẹ gbọ́ ná’ yín kúrò.”

Inú ìyá rẹ̀ dùn débi pé ó gba ìwé náà wò fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́fà, ó lọ síwájú ògiri náà láti lọ ka ìtàn rẹ̀ sókè. Bó ṣe dé ibi tí obìnrin ti sọdá odò, ó gbọ́ tí ẹnìkan rọra rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá arúgbó kan ló jókòó sórí bẹ́ńṣì, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n lórí ọ̀pá. Bàbá Ọlọ́dà làwọn ará àdúgbò ń pè é, torí pé ìlú mìíràn ló ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kun ọkọ̀ ojú omi. Kò tíì ju oṣù méjì lọ tó padà wá gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Bàbá ní òun lòun kun ògiri náà. Ó ní ẹni tó ni ilé ìkẹ́rùsí ló gbé iṣẹ́ náà fún òun, kí òun fi bo ibi tí òjò ti bà jẹ́. Ẹ̀rù ibi gíga ń ba òun, ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, tó ń tukọ̀ gbé èrò sọdá, ló sì ń di àkàsọ̀ mú. Òun yà á síbẹ̀ láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún lòun nígbà náà, òun ò tíì mọ ọwọ́ yà, ìka mẹ́fà lòun fi sí ọwọ́ òsì rẹ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀-Irin sún mọ́ ògiri, ó ka ìka náà, ó tún un kà. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń nawọ́ sí ọwọ́ yẹn. Ojú tì í débi pé kò lè yíjú padà.

“Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi,” ni bàbá wí. “Tìẹ dùn ju tèmi lọ. Ẹ̀gbọ́n mi náà ti lọ. Ta ni yóò béèrè?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ká ní bàbá bú u ni, ì bá bẹ̀ ẹ́, kó sì tán síbẹ̀.

Nígbà tó délé tó rò ó fún ọmọ rẹ̀, ọmọ ní kó sọ ohun tó wà nínú ìwé, kó gba báàjì rẹ̀ ná, kó tó máa wá sọ òótọ́ fún àwọn àlejò. Kò sí ohun tó burú nínú ìmọ̀ràn náà. Èmi tí mò ń ròyìn yìí gan-an, ǹ bá gbà á. Ẹlẹ́sẹ̀-Irin náà gbà á, ó sì fi sọ́kàn títí di ọjọ́ ìdánwò.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni ọ́fíìsì rán wá, bàtà tuntun sì ti bó o lẹ́sẹ̀ kí wọ́n tó dé ibùdó kẹrin. Ẹlẹ́sẹ̀-Irin ya àkísà fún un kó fi tẹ́ gìgísẹ̀, ó sì ń dáhùn ìbéèrè lọ ràì. Ó gba mọ́kànlá nínú mọ́kànlá. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ògiri, Bàbá Ọlọ́dà wà lórí bẹ́ńṣì rẹ̀, ó ń wo omi, bí ẹni pé òun ò rí wọn.

“Màmá, ta ló kun ògiri yìí?” ni ọ̀dọ́mọbìnrin náà béèrè.

Báàjì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti lẹ fọ́tò Ẹlẹ́sẹ̀-Irin mọ́ ọn. Ẹlẹ́sẹ̀-Irin wo báàjì, ó wo bàbá. Gbogbo ohun tó ti kọ́ sórí wá sá lọ.

“Irọ́ ló wà nínú ìwé yẹn,” ló wí. “Èmi ni mo pa á. Mi ò mọ̀ nígbà náà, ojú sì ń tì mí láti sọ pé mi ò mọ̀. Bàbá tó kùn ún ló jókòó yẹn.”

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà yíjú sí bẹ́ńṣì, ó béèrè lọ́wọ́ bàbá bóyá òótọ́ ni. Tó bá ní rárá, Ẹlẹ́sẹ̀-Irin ti dáràn nìyẹn. Bàbá fi ọ̀pá tilẹ̀, ó dìde.

“Èmi ni,” ló wí. “Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ká ní kò di àkàsọ̀ mú, n kì bá tí gùn ún.”

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ní òun ò lè fún un ní máàkì, torí ìdáhùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìwé, òun ò sì lè kọ ọ́ pé ó kùnà. Ó fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Ó yí bébà sẹ́yìn, ó kọ gbogbo ohun tí àwọn méjèèjì sọ, ó béèrè orúkọ bàbá àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ti báàjì padà sínú àpò.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Ẹlẹ́sẹ̀-Irin fi wà nílé, tó ń bá ọmọ rẹ̀ rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, tí ọmọ sì ń tú gbogbo rẹ̀ tún rán. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ọ́fíìsì ránṣẹ́ pè é. Wọ́n fún un ní báàjì, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ kó bá àwọn yẹ ìyókù ìwé náà wò kí wọ́n tó tún un tẹ̀. Ó fa ìlà sí irọ́ mẹ́ta mìíràn nínú rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni ẹni tó kọ́kọ́ sọ wọ́n.

Nígbà tí ìwé tuntun jáde, ó mú un lọ bá Bàbá Ọlọ́dà. Ojú ìwé ògiri náà ò ju ìlà mẹ́rin lọ. Torí pé ọwọ́ bàbá ń gbọ̀n, Ẹlẹ́sẹ̀-Irin ló bá a dì í mú. Bàbá ka orúkọ tirẹ̀ kọjá wéré. Nígbà tó kan orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dúró. Ó kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ní kí Ẹlẹ́sẹ̀-Irin bá òun kà á, kí òun lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó sì kà á fún un.